Olùṣọ́ Àká: Bí Ara Ṣe Ń Ná Oúnjẹ, Bí Ebi Ṣe Ń Pa Wá, àti Ìdí Tí Ọ̀rá Kì í Fi í Fẹ́ Lọ

Nígbàkúùgbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá pàdé báyìí, lẹ́yìn tí a bá ti kí ara wa tán, tí a sì ti béèrè àlàáfíà ilé àti ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ara ni ó máa ń tẹ̀ lé e. Ẹnìkan yóò wo ẹgbẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, yóò ní, “Ṣé ìwọ náà nìyí, ìwọ tí o tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta?” A ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó rẹ́rìn-ín ni inú rẹ̀ dùn. Ó wà nínú wa, ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ti gbìyànjú títí láti dín ara kù, tí ó sì ti sú u. Ó wà nínú àwọn òbí pẹ̀lú, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìsanra rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ.

Ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí kò gùn rárá: ẹni tí ó sanra, ọ̀jẹun ni, bí ó bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu, yóò rù. Láti orí àga ìwàásù pàápàá ni a ti ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Àwa kò sọ pé ìwọra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ìdájọ́ náà kò pé, àti pé àìpé rẹ̀ ń pa ènìyàn lára. Ara tí Ọlọ́run dá ní òfin tí ó fi ń ṣọ́ oúnjẹ tí ó bá wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ òfin náà yóò máa bá ara rẹ̀ jà, ara ni yóò sì máa borí.

OHUN TÍ ARA Ń FI OÚNJẸ ṢE

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ọ̀rọ̀ kan, metabolism, tí wọ́n fà yọ láti inú èdè Gíríìkì, èdè tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Metabole ni àwọn Gíríìkì ń pe ìyípadà. Ìyípadà náà ni pé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ tí a jẹ lọ́sàn-án kò ní jẹ́ ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́: ara ti sọ apá kan di ooru, ó ti sọ apá kan di agbára, ó ti fi apá kan tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe, ó sì ti kó èyí tí ó ṣẹ́kù pamọ́. Nínú àròkọ yìí, ìyípadà oúnjẹ ni a ó máa pe gbogbo iṣẹ́ náà.

Gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kóńgò wọn gàrí, kálórì ni a fi ń wọn agbára tí ó wà nínú oúnjẹ. Gíráàmù kan èròjà afáralókun, irú èyí tí ó wà nínú iṣu, gàrí àti ṣúgà, ń fún wa ní nǹkan bíi kálórì 4. Bákan náà ni ti èròjà amúaradàgbà tí ó wà nínú ẹ̀wà, ẹja àti ẹran. Ṣùgbọ́n gíráàmù kan ọ̀rá tàbí òróró ń fún wa ní 9, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ìdí tí ara fi yan ọ̀rá láti fi ṣe àkójọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni ara ń ná kálórì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo agbára tí ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ líle ń ná lójúmọ́, nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú 100 ni ó ń lọ sórí wíwà láàyè nìkan: kí ọkàn máa lù, kí a máa mí, kí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín máa ṣiṣẹ́, kí ara máa gbóná. Ọpọlọ, tí kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, ń gba nǹkan bí ìdá 20 nínú ohun tí ara ń ná nígbà tí ó bá sinmi, ì báà jẹ́ pé à ń ka ìwé tàbí pé a sùn. Dídà oúnjẹ nínú ikùn náà ń gba bí ìdá 10. Ìyókù ni ti ìrìn, iṣẹ́ àti eré. Ìnáwó ara dàbí ìnáwó ilé ẹ̀kọ́: kí olùkọ́ tó mú ẹfun lọ́wọ́ rárá, owó iná, owó omi àti owó oṣù ti ń lọ.

ÀKÁ MÉJÌ

Ènìyàn kì í jẹun tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ iná ara kò gbọdọ̀ kú. Ìdí nìyí tí Ẹlẹ́dàá fi fi àká sí inú wa. Nígbà tí a bá jẹun, ṣúgà inú oúnjẹ a wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pancreas, a sì tú insulin jáde. Insulin ni adènà tí ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ inú iṣan. Òun náà ni ó ń pàṣẹ pé kí a kó èyí tí ó ṣẹ́kù lọ sí àká. Níbi tí ara kò bá ti gbọ́ ti insulin mọ́, tàbí tí insulin kò tó, ṣúgà yóò dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí à ń pè ní àtọ̀gbẹ nìyẹn.

Àká kìíní kéré. Ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú nǹkan bí gíráàmù 100, iṣan sì ń tọ́jú ìlọ́po rẹ̀ mélòó kan fún iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí dàbí gàrí inú ike ní ilé ìdáná. Ti ẹ̀dọ̀ kò lè tó ọjọ́ kan tán kí ó tó tán. Àká kejì ni ọ̀rá. Ẹni tí ó wọn kílò 70, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè pè ní ẹni tí ó sanra, lè ní kílò 10 ọ̀rá lára. Ìyẹn ju kálórì 70,000 lọ, ó sì tó irú ẹni bẹ́ẹ̀ ná fún bí oṣù kan.

Nítorí náà ọ̀rá kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí Jósẹ́fù ṣe kó ọkà jọ ní Íjíbítì ní ọdún méje ọ̀pọ̀ kí ọdún méje ìyàn tó dé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara ń ṣe. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n la ogun àti ìyàn já, inú àká yìí ni wọ́n ti mú. Ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, inú rẹ̀ ni ó ti ń mú pẹ̀lú. Ohun tí a kò tètè mọ̀ ni pé àká yìí ní olùṣọ́, olùṣọ́ náà kì í sì í sùn.

ONÍṢẸ́ LÁTI ÀKÁ DÉ ỌPỌLỌ

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ rò pé ọ̀rá kàn wà lójú kan ni, bí àpò ọkà. Ní ọdún 1994 ni Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rockefeller University, ní New York, fi hàn pé ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń rán oníṣẹ́ sí ọpọlọ nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n pe oníṣẹ́ náà ní leptin, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà leptos, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ tín-ín-rín. Ẹni tí ó bá ti ka Ìhìnrere Máàkù ní èdè Gíríìkì yóò ti pàdé ìbátan ọ̀rọ̀ yìí: lepton ni orúkọ owó wẹ́wẹ́ tí opó nì sọ sínú àpótí ìṣúra tẹ́ḿpìlì.

Iṣẹ́ tí leptin ń jẹ́ kò ṣòro láti yé. Bí ọ̀rá bá pọ̀ ní àká, leptin a pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ a sì mọ̀ pé oúnjẹ ń bẹ nílé. Bí ọ̀rá bá dín kù, leptin a dín kù, ọpọlọ a sì gbọ́ pé àká ń gbẹ. Oníṣẹ́ mìíràn ń ti inú àpò oúnjẹ wá. Àwọn onímọ̀ méjì ní orílẹ̀-èdè Japan, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa, ni wọ́n ṣe olórí àwọn tí ó ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1999, wọ́n sì pè é ní ghrelin. A máa pọ̀ kí àkókò oúnjẹ tó tó, a sì máa dín kù lẹ́yìn tí a bá jẹun. Ìfun pẹ̀lú ní àwọn oníṣẹ́ tirẹ̀ tí ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ibi kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, tí à ń pè ní hypothalamus, ni ó ń gba gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí. Òun ni olùṣọ́ tí a wí. Òun ni ó ń pinnu bí ebi yóò ti pa wá tó, òun náà ni ó sì ń pinnu bí iná ara yóò ti jó tó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa agbára àwọn oníṣẹ́ yìí, kí ó gbọ́ ti àwọn ọmọ méjì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbátan ara wọn ni wọ́n, láti inú ẹbí kan tí ó ṣẹ̀ wá láti Pakistan. Ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún 8 tí ó ti wọn kílò 86. Èkejì jẹ́ ọmọkùnrin ọlọ́dún 2 tí ó ti wọn kílò 29. Kò sí ìgbà tí ebi kì í pa wọ́n. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ní Cambridge, tí Stephen O’Rahilly àti Sadaf Farooqi wà nínú wọn, fi hàn pé ara àwọn ọmọ náà kò lè ṣe leptin. Àká wọn kún àkúnwọ́sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ tí yóò sọ fún ọpọlọ, nítorí náà ọpọlọ gbà pé ìyàn ni. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọbìnrin náà ní abẹ́rẹ́ leptin, ebi náà rọlẹ̀. Láàárín oṣù 12, ìwọ̀n ara rẹ̀ ti fi ohun tí ó ju kílò 16 lọ dín. Ìwàásù wo ni à bá ti wàásù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nípa ìwọra? Pàṣán mélòó ni à bá ti fi nà án nítorí ẹran inú ìkòkò?

Irú àìsàn yẹn ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ní ti ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tí ó sanra, leptin kò wọ́n lára wọn; ó pọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa mọ́, bí ẹni tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kò ti í gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì dín ara kù, tí leptin rẹ̀ sì wálẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ yóò ké gbàjarè gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ebi fẹ́ pa á kú.

OHUN TÍ EBI ṢE FÚN ÀWỌN ỌKÙNRIN 36

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ sí òpin, ebi ti sọ àìmọye ènìyàn di egungun ní Yúróòpù, àwọn oníṣègùn kò sì ní ìmọ̀ tó nípa bí a ti í bọ́ wọn padà sípò. Ní University of Minnesota, ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys wá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn yóò yọ̀ǹda ara wọn fún ìdánwò. Àwọn tí ó jẹ́ ìpè ni àwọn tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn ìjọ tí kì í jagun, bíi Quaker, Mennonite àti Church of the Brethren. A yan 36, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1944.

Fún ọ̀sẹ̀ 12 wọ́n jẹun bí ó ti yẹ. Láti oṣù Kejì ọdún 1945, fún ọ̀sẹ̀ 24, a dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bíi kálórì 1,570 lójúmọ́, èyí tí kò ju ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀dùnkún, búrẹ́dì àti makaróònì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì ní láti rin máìlì 22 lọ́sẹ̀. Kí àkókò náà tó parí, wọ́n ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Iná ara wọn sì ti rọlẹ̀: agbára tí ara wọn ń ná ní ìsinmi ti fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 dín. Òtútù ń mú wọn nígbà tí oòrùn ń ràn, ọkàn wọn sì ń lù jẹ́jẹ́.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìrònú wọn ni ó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù lọ. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní ìkóra-ẹni-níjàánu tó láti kọ̀ fún ìjọba nígbà ogun, bẹ̀rẹ̀ sí í lá àwo oúnjẹ. Wọ́n ń ka ìwé ọbẹ̀ sísè lójoojúmọ́; oúnjẹ ni wọ́n ń sọ, oúnjẹ ni wọ́n ń lálàá rẹ̀. Àwọn kan yọ́ jẹ ohun tí a kò fún wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣèlérí tọkàntọkàn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ kí Minnesota tó ní yunifásítì: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí a sì dá oúnjẹ padà fún wọn, ikùn wọn yóò kún títí, ebi yóò sì wà lọ́kàn síbẹ̀. Ọ̀rá ni ó kọ́kọ́ padà, kí iṣan tó padà, àwọn kan sì ní ọ̀rá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ìgbà kan.

Ní ọdún 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 14 tí wọ́n ti díje lórí tẹlifíṣọ̀n nínú eré tí a fi ń dín ara kù wàràwàrà. Ọdún 6 lẹ́yìn ìdíje náà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti gba púpọ̀ nínú ìwọ̀n ara wọn padà. Iná ara wọn kò sì tíì padà sípò: ara wọn ń ná nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́ dín sí ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó tóbi tó wọn máa ná.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn gbangba. Ara kò mọ̀ pé nítorí aṣọ ẹbí ìgbéyàwó oṣù tí ń bọ̀ ni a ṣe ń fi ebi pa á. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ìyàn dé. Yóò dín ìnáwó kù, yóò sì mú ebi pọ̀ sí i, títí àká yóò fi kún padà. Ẹni tí ó bá ti dín kílò 10 kù ní oṣù kan, tí ó sì gba 12 padà kí ọdún tó yí po, kì í ṣe ọ̀lẹ. Olùṣọ́ àká ni ó borí rẹ̀.

ṢÉ ÀGBÀ NI Ó FÀ Á?

Àwa tí a ti pẹ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ràn láti wí pé ọjọ́ orí ni ó mú kí iná ara wa rẹ̀wẹ̀sì. Ní ọdún 2021, Herman Pontzer àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn tí ó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29, láti orí ìkókó ọlọ́jọ́ 8 títí dé arúgbó ọlọ́dún 95. Nígbà tí wọ́n ṣírò ìtóbi ara mọ́ ọn, wọ́n rí i pé ọmọ ọdún kan ni iná ara rẹ̀ ń jó jù lọ, nǹkan bí ìdá 50 nínú 100 ju ti àgbàlagbà. Ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí di ẹni 20 ọdún. Láti 20 dé 60, kò yí padà. Lẹ́yìn 60 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí ìdá 0.7 nínú 100 dín lọ́dọọdún. Ẹni ọdún 45 tí ikùn rẹ̀ ń yọ kò lè ka ẹ̀sùn sí iná ara lẹ́sẹ̀. Kí ó wo oúnjẹ rẹ̀, oorun rẹ̀ àti ìjókòó rẹ̀.

Ìwádìí mìíràn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe apá kan rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti láti Yunifásítì Ìbàdàn wọn agbára tí àwọn obìnrin ní Igbó-Ọrà àti Ìdèrè ń ná lójúmọ́, wọ́n sì fi wé ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Àwọn ti Amẹ́ríkà tóbi ju àwọn tiwa lọ dáadáa. Gbogbo wa ni à bá ti wí pé oko àti ọjà ni kò jẹ́ kí àwọn tiwa sanra. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò ìtóbi ara mọ́ ọn, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé agbára tí ìhà méjèèjì ń ná kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iye tí obìnrin kan ń ná kò sọ tẹ́lẹ̀ bóyá yóò sanra sí i ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

A kò sọ pé ìrìn kò wúlò. Ìrìn ń fún ọkàn lókun, ó ń jẹ́ kí insulin ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ń pa iṣan mọ́ lára àgbà. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ àká ń ṣírò ohun tí a fi ìrìn ná, yóò sì fi ebi béèrè rẹ̀ padà. Inú àwo oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ti wúwo jù.

OÚNJẸ TÍ Ń TAN OLÙṢỌ́ JẸ

Kí ni ó wá yí padà láti ìgbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́? Kevin Hall kan náà ni ó tún ṣe ìdánwò tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i ní ọdún 2019. Ó kó ènìyàn 20 sínú ilé ìwòsàn ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ 4. Fún ọ̀sẹ̀ 2 wọ́n jẹ oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ńlá ti ṣe láṣepé, irú èyí tí ń ti inú ọ̀rá àti agolo jáde. Fún ọ̀sẹ̀ 2 yòókù wọ́n jẹ oúnjẹ tí a sè láti inú ohun oko. Iye kálórì, ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ tí a gbé síwájú wọn dọ́gba, a sì ní kí oníkálukú jẹ ìwọ̀n tí ó bá wù ú. Nígbà oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n jẹ nǹkan bíi kálórì 500 lé lójúmọ́, wọ́n sì fi bíi kílò 0.9 sanra sí i. Nígbà oúnjẹ oko, wọ́n fi bíi 0.9 dín kù. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ebi pa ara wọn.

Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rọ̀, ó yá jẹ, ó sì ti wọ inú kí àwọn oníṣẹ́ ìfun tó dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. A ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó sì ń pẹ́ nínú. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó burú jù: ìgò kan lè ní ju gíráàmù 30 ṣúgà lọ, síbẹ̀ ẹni tí ó mu ún kì í dín ẹ̀bà rẹ̀ kù.

Àìsùn pẹ̀lú ń da iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ rú. Ní Chicago, wọ́n jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin 12 sun wákàtí 4 péré fún òru méjì. Nígbà tí a fi wé òru tí wọ́n sùn tẹ́rùn, leptin wọn fi ìdá 18 nínú 100 dín, ghrelin wọn fi 28 pọ̀ sí i, ebi sì pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èsì náà jáde ní ọdún 2004. Kí àwa tí a ń fi ìṣọ́ òru lé ìṣọ́ òru, àti àwọn ọmọ tí fóònù kò jẹ́ kí wọ́n sùn, fi èyí ro nǹkan.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, kí a má ṣe kéde ìyàn fún ara. Kí a fi tii àti oògùn tí ń ṣèlérí kílò 10 ní ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Díẹ̀ tí ó dúró sàn ju púpọ̀ tí ó padà. Ìròyìn ayọ̀ ni pé díẹ̀ náà tó fún ohun púpọ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, àwọn tí àtọ̀gbẹ ti súnmọ́ ni a ní kí wọ́n gbìyànjú láti fi ìdá 7 nínú 100 dín ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rin ìrìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn fi ìdá 58 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí a kò fún ní irú ìtọ́jú náà. Ẹni kílò 100 tí ó di 93 lè má tíì tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Èkejì, kí a jẹ oúnjẹ tí ń bá olùṣọ́ sọ òtítọ́. Kí ẹ̀wà, mọ́ín-mọ́ín, ẹja àti ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ nínú àwo. Kí a fi omi dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kí a jẹun jẹ́jẹ́. Kí a máa rìn, kí àgbà sì máa gbé ohun tí ó wúwo díẹ̀, kí iṣan má bàa joro. Kí a sùn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ààwẹ̀ wà fún àdúrà àti ìrẹ̀sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run; kì í ṣe oògùn ìsanra. Ẹni tí ó gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ó sì fi iyán rẹpẹtẹ ṣínu ní alẹ́ patapata, olùṣọ́ àká ti san gbèsè rẹ̀. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó gbààwẹ̀, nítorí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè gba ẹ̀mí. Kí pásítọ̀ kankan má ṣe pe ìyẹn ní àìnígbàgbọ́.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Kí òbí má ṣe fi ebi pa ọmọ tí ó ń dàgbà, kí ó má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ilé ni ọmọ ń jẹ. Kí gbogbo ilé jọ yí oúnjẹ padà. Bí ebi ọmọ kan bá kọjá àlà láti ìkókó, kí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn. Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú, ẹ bá wa fòpin sí orúkọ ìfiniṣẹ̀sín ní kíláàsì àti ní yàrá ìjẹun.

Àwọn ọ̀tá Olúwa wa pàápàá pè é ní ọ̀jẹun nítorí pé ó bá ènìyàn jẹun. Òun kan náà ni ó gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́, tí Ìwé Mímọ́ sì jẹ́rìí pé ebi pa á lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó jí ọmọbìnrin Jáírù dìde, ohun tí ó kọ́kọ́ bìkítà fún ni pé kí wọ́n fún ọmọ náà ní nǹkan jẹ. Ẹni tí ó dá ebi mọ̀ ọ́n, kò sì fi ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ àjọ̀dún yìí, nígbà tí a bá rí ẹgbẹ́ wa tí ara rẹ̀ ti yí padà, ẹ jẹ́ kí a béèrè àlàáfíà rẹ̀, kí a bá a rìn yí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa po lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí a sì gba ara wa níyànjú láti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà kí a tó tún pàdé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀mí wa ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, kí àlàáfíà ara sì bá a rìn. Àmín.